Ojú Tó Ṣí Fáìlì

Akínṣọlá ti fi òòlù rún kọ̀ǹpútà yẹn wómúwómú.

Ó rò pé ẹ̀rí ti bá a lọ.

Níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó kún pálọ̀ rẹ̀ ní ìlú Pearland, mò ń da fáìlì tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà tuntun.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ mi ní kí ẹni tó ni fáìlì fi ojú hàn.

Mo gbé ojú mi sí i. Ó ṣí.

Fídíò dé. Mo rí ojú mi nínú ẹ̀. Nínú fídíò ọ̀hún, Akínṣọlá gbé òòlù sókè. Ẹ̀jẹ̀ ta sí kámẹ́rà.

Ó bẹ́ mọ́ mi, ó fún mi lọ́rùn. "Ta ló fún ẹ ní password?"

"Ojú tó o sin láàárọ̀ yìí ni mo fi ṣí i."

Wọ́n fà á kúrò lára mi.

"O pa Kẹ́hìndé, o gbàgbé èmi Táyéwò."