Téèpù Dúdú Lójú Aago Omi

Jàfárù mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Bí iṣẹ́ tó ṣe kò bá dára, nǹkan mìíràn ni yóò di ẹ̀bi rù: epo ni, ojú ọjọ́ ni, tàbí ẹni tó ni ọkọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n ti Jàfárù ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìṣojú mi ló ṣe.

Lọ́dún 1991, Ìkọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lójú ọ̀nà Ìgandò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, pàápàá àwọn ọkọ̀ eré tí wọ́n fi ń díje. Ibẹ̀ jìnnà sí ọ̀sà, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ló ń fa oníbàárà wá. Wọ́n á so ọkọ̀ omi mọ́ ìdí mọ́tò, wọ́n á wọ́ ọ gba Ìṣẹ̀rí-Olófin wá bá a. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu, ó gbẹ́ kànga, ó gbé tánkì ńlá kan sórí òpó irin gíga. Láti ìgbà náà, kì í gbé ẹ́ńjìnnì tó bá tún ṣe lọ sójú omi láti dán an wò mọ́. Á fi họ́ọ̀sì fa omi tánkì wọ inú rẹ̀, á ṣíná sí i. Bó bá ti dún dáadáa, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Omi ló ń mú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tutù. Pọ́ǹpù kan wà lára rẹ̀ tó ń fa omi láti abẹ́ ọkọ̀, aago kan sì wà níwájú awakọ̀ tó ń fi hàn bí omi náà ṣe ń tì tó. Bí omi kò bá tì tó, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì bàjẹ́.

Ó ku oṣù kan kí wọ́n ṣe ìdíje ọkọ̀ eré ti Ọdún Àjíǹde lójú ọ̀sà nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún, tó ń wa ọkọ̀ eré oníjòkòó méjì, wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ dé.

"Ọ̀gá, bí mo bá rọra ń lọ, aago omi dúró dáadáa. Bí mo bá tẹná dópin ló máa ń já wálẹ̀. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, ẹ̀mí mi ló wà nínú ọkọ̀ yìí."

Jàfárù fi họ́ọ̀sì tánkì sí i, ó ṣíná. Aago gòkè, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ṣé o rí i? Aago rẹ ló ń purọ́," ó wí. Ó yọ aago náà, ó fi tuntun sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí Jàfárù sì ṣe gan-an nìyẹn.

Bàbá Zacchaeus wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni bàbá yìí ń gbé, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kó tó fẹ̀yìn tì. Omi ìwẹ̀ ló wá pọn. Ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀.

"Jàfárù, òkè ni tánkì rẹ wà, òun ló ń ti omi wọ ẹ́ńjìnnì. Bó bá dé ojú ọ̀sà, ta ni yóò bá a tì í? Gbé omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ fà á, ká wò ó. Tàbí kó o kúkú tú u. Rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ tó ń yí fa omi nínú rẹ̀ lè ti gé."

"Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ pọn omi yín jàre."

Bàbá pọn omi rẹ̀, ó lọ. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò ní rí i. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò gba wákàtí kan láti tú pọ́ǹpù ọ̀hún.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ọlátúnbọ̀sún padà wá. Aago tuntun náà ń já wálẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Aago méjì kì í gbìmọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó purọ́, ó yẹ kí Jàfárù ro ìyẹn. Kò rò ó. Ó mú téèpù dúdú, ó fi bo ojú aago náà.

"Wíwò tó ò ń wò ó ló ń dẹ́rù bà ọ́. Iwájú ni kó o kọjú sí. Èmi fúnra mi á jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ ìdíje."

Ọlátúnbọ̀sún wo téèpù yẹn pẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló ní nílé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá lóun náà á wọ ọkọ̀, kí ló tún kù téèyàn fẹ́ sọ? Ó gbà.

Lọ́jọ́ ìdíje, Jàfárù jókòó ti Ọlátúnbọ̀sún nínú ọkọ̀, àwọn ló sì ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n yípo kejì, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ó ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí n dín eré kù."

"Máa lọ ṣá."

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì, ó kú lójijì. Họ́ọ̀sì kan bẹ́, omi híhó sì tú dà sí ọwọ́ ọ̀tún Jàfárù láti ìka dé ìgúnpá. Ọkọ̀ yí bìrí, ó ju Ọlátúnbọ̀sún sómi. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló kó o yọ. Wọ́n fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

Bàbá Zacchaeus lọ wo Jàfárù ní ọsibítù. Ó tú áńkáṣíìfù, ó mú rọ́bà tó lọ tú nínú pọ́ǹpù ọkọ̀ náà jáde.

"Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló yẹ kó ní. Ka èyí tó kù."

Méjì ló kù. Jàfárù kọjú sí ògiri, ó sunkún.

"Bàbá, ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

"Mo sọ." Bàbá di rọ́bà náà padà.

Ọwọ́ náà jiná, àmọ́ àwọn ìka lẹ̀ mọ́ra, kò lè di sípánà mú mọ́. Ẹsẹ̀ Ọlátúnbọ̀sún náà san, ó sì ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Tánkì nìkan ló ṣẹ́ kù fún Jàfárù. Omi ló ń tà nídìí rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣí ẹ̀rọ omi. Láràárọ̀ ni Bàbá Zacchaeus ṣì ń gbé garawa wá.

"Bàbá, ṣé omi ń tì dáadáa?"

"Ó ń tì. Òkè ló kúkú ti ń bọ̀."

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, kò dìgbà tó o bá di mẹkáníìkì kó tó kàn ọ́. Ibi tí nǹkan yóò ti ṣiṣẹ́ ni kó o ti dán an wò, má ṣe dán an wò níbi tí yóò ti yìn ọ́. Bí ẹni tó ń lò ó bá ní ó ń dun òun, gbọ́ tirẹ̀. Bí àgbà bá sì fi àṣìṣe rẹ hàn ọ́, má bínú sí i. Ẹni tó fi téèpù bo ojú aago kò mú ẹ́ńjìnnì tutù, ojú ara rẹ̀ ló dì.