Ata Orí Ọlọ

Orin ìsìn ni ìyàwó ilé kan fi ń bo ariwo ẹ̀rọ ìlọta mọ́lẹ̀. Ó ti fi ìró wé ẹ̀rọ ọ̀hún bí ọmọ tuntun, síbẹ̀ ta ní í da aṣọ bo èéfín?

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá láti Ìmùṣin láti bá a tọ́jú ọmọ, torí ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìyàwó yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àmọ́ ìyá ti ṣe é lófin: "Ata orí ọlọ nìkan ni mo fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ọjọ́ tí mo bá jẹ ata ẹ̀rọ, ọjọ́ náà ni mò ń lọ."

Lójijì, iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ wẹ́lo, ata ò sì tíì kúnná. Ìyàwó sáré bu díẹ̀, ó fi ra orí ọlọ.

"Àbẹ̀kẹ́!" Ìyá pè é láti yàrá. "Ṣé o ti lọ̀ ọ́ tán?"

"Ó kù díẹ̀, mà. Apá ló ń ro mí."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ akin. Jẹ́ n gbàdúrà fún ọ. Olúwa, fún Àbẹ̀kẹ́ lágbára."

"Àmín!"

"Má jẹ̀ẹ́ kí apá ro ó mọ́."

"Àmín o!"

"Bàbá, ebi ń pa mí. Dá iná padà kíákíá, kí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ìró yẹn lè parí ata. Láti ìjẹta ni mo ti ń jẹ ata rẹ̀, Ìmùṣin ò sì tíì pè mí. Kí Àbẹ̀kẹ́ ṣáà máa fọ abẹ ẹ̀rọ náà dáadáa, ata àná ti ń kan níbẹ̀."

Ìyàwó la ẹnu láti ṣe àmín. Àfi wàà, iná dé! Ẹ̀rọ tó gbàgbé láti pa sì bá a ṣe àmín náà lábẹ́ ìró, ramúramù.