Ọ̀gá Gbọnrangandan àti Igi Àfọ́kù

Ọkùnrin kan wà tí kò lè fojú rere wo iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá kàn. Iṣẹ́ kí a máa lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ àti ògiri ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí kò bá tọ́ bí okùn ìwọ̀n rẹ̀ a máa bí i nínú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Gbọnrangandan.

Nígbà tí àdúgbò kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé tuntun, wọ́n ní kí ó ya igi ńlá kan sára ògiri iwájú, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì fi àfọ́kù àwo tàbí táìsì to ewé tirẹ̀ sórí igi náà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Káfíńtà wá, aránṣọ wá. Ìyá àgbà kan mú àfọ́kù àwo búlúù wá, àwo tí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti kú fi ń jẹun. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, ewé náà sì wọ́.

"Ìyá, ewé yín dà bí ẹni tó mutí yó," ni Ọ̀gá wí.

"Ìwọ ti rí ewé tó dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá rí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìṣílé gbọ̀ngàn náà, tí oníkálukú ti lọ jẹun, ó fi irin ṣí gbogbo ewé wọn kúrò. Ó da àfọ́kù wọn sẹ́yìn ilé, ó sì fi táìsì tuntun tó gé dọ́gbadọ́gba rọ́pò. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ ha sìmẹ́ńtì ti tẹ́lẹ̀ dé ara ògiri. Ṣùgbọ́n ó ń kánjú kí wọ́n má bàa ká a mọ́ ibẹ̀, ó kàn fi sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lórí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà dúró níwájú ògiri.

"Ọ̀gá, ewé mi dà?"

"Òun nìyẹn, Ìyá. Mo kàn bá yín tún un ṣe ni."

"Ewé tèmi ni mo béèrè. N ò béèrè tìẹ."

Ìyá àgbà nawọ́, ó fọwọ́ kan ewé náà. Ó já bọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí tó wà lókè rẹ̀ tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, pàràpàrà, títí igi fi wà níhòòhò lójú gbogbo èrò.

"Háà, Ọ̀gá!" ni káfíńtà pariwo. "Ọjọ́ ìṣílé lẹ mú ẹ̀ẹ̀rùn wá bá igi wa?"

Wọ́n sún ìṣílé síwájú, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ di ọ̀gá. Ọ̀gá di ẹni tí ń po sìmẹ́ńtì fún un. Ṣùgbọ́n kí ó tó pò ó, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó ń tú òkìtì àfọ́kù títí ìka rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀, kí ó tó rí búlúù náà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún ìyá àgbà.

"Ẹ foríjì mí, Ìyá."

"Po sìmẹ́ńtì yẹn kó ki."

Nígbà tí ìyá àgbà tẹ ewé rẹ̀ tán, ó nawọ́ sí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ibi tìẹ nìyẹn. Lọ mú àfọ́kù ilé ẹ wá. Kó wọ́ díẹ̀ o!"

Mo ti fojú ara mi rí ewé Ọ̀gá Gbọnrangandan. Ó wọ́. Kò sì tíì já bọ́ títí di òní.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi ìmọ̀ rẹ̀ gbé ọwọ́ ẹlòmíràn ró, kí ó má fi pa á rẹ́. Ohun tí gbogbo wa jọ ṣe lè má gún, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ẹni tó bá sì bà á jẹ́, kí ó má sá lọ: kí ó kúnlẹ̀, kí ó ṣà á.