Àdúrà ní Ilé Ẹ̀rọ Jàpárà

Ìjà ni Àbẹ̀bí gbé wá sí ilé ẹ̀rọ Jàpárà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Ọlátúbọ̀sún, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹ̀rọ tó ń fi kámẹ́rà ríran, tó sì ń gbé gẹdú kiri láìsí awakọ̀, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ sùtánà rẹ̀ tán lára ìṣó. Inú ilé ti há jù fún Àbẹ̀bí, kò lè gbé ibẹ̀, kò sì lè kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti búra: bí Ọlátúbọ̀sún bá kọ̀ láti gbàdúrà lónìí, òun á gbé Ànú, ọmọ wọn, ó di Ìlápòrú lọ́dọ̀ ìyá òun.

Nọ́fíù tó ń ṣọ́ ọgbà mú un dé ẹnu yàrá tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ariwo jẹnẹrétọ̀ gba gbogbo ilé. Àbẹ̀bí yọjú lójú gíláàsì.

Háà!

Ọlátúbọ̀sún fẹ̀yìn ti ògiri ní kọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ̀rọ ńlá náà dúró gbọn-in síwájú rẹ̀. Òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù, apá rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró.

"Olúwa mi o! Ẹ̀mí ti gbé e!" Àbẹ̀bí bú sẹ́kún ayọ̀.

Nọ́fíù yọ kọ́kọ́rọ́. "Ìyá Ànú, ẹ jẹ́ n wọlé sọ fún ọ̀gá pé ẹ ti dé."

"Ẹ dákun, Bọ̀dá Nọ́fíù, ẹ má ṣílẹ̀kùn! Ṣé ẹ mọ iye ààwẹ̀ tí mo ti gbà nítorí èyí?"

Nọ́fíù náà kì í gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó rọra fà sẹ́yìn.

Ọlátúbọ̀sún rí ìyàwó rẹ̀. Ó mi orí, ó tún mi orí, ó pariwo ohun kan tí wọn kò gbọ́. Àbẹ̀bí mi orí padà fún un. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè. Gbogbo ìbínú ti tán nínú rẹ̀. Ó dárí jì í pátápátá.

Orin ọpẹ́ ló ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Fáìzàh, tí òun àti Ọlátúbọ̀sún jọ ń ṣe ìwádìí, sáré dé, tó ń kígbe pé kí Nọ́fíù ṣílẹ̀kùn kíákíá, pé ẹ̀rọ náà ti ń ṣe wèrè láti àárọ̀, kò gbọ́ àṣẹ kankan mọ́, ó ń ya lu ènìyàn, àfi tó bá rí ọwọ́ méjì lókè ló ń dúró. Nọ́fíù sì ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò nígbà tí Àbẹ̀bí rí i tí apá ọ̀tún ọkọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.