Ẹni Tó Ń Kọ̀wé Sínú Kọ̀ǹpútà Keje

Inú kọ̀ǹpútà méjìlá tó wà nínú yàrá tútù kan ní Òṣogbo ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń kó ìwé àwọn aláìsàn wọn sí, Wúràọlá ló sì ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìkeje bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé rú. Orúkọ ẹnìkan ń bọ́ sórí ìwé ẹlòmíràn. Dókítà kan ní Ìkìrun fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí aboyún kan lára, kò sì mọ irú èyí tí yóò fà.

Wúràọlá rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún ẹ̀rọ náà. Ó dá gbogbo iṣẹ́ orí rẹ̀ dúró, ó tún yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Síbẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ohun kan ṣì ń kọ̀wé sínú rẹ̀.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, lórí fóònù.

"Wúrà, ní kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ rọra máa tẹ kọ̀ǹpútà. Mi ò gbọ́ ẹ dáadáa."

"Ọ̀gá, èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Jáde níbẹ̀."

Ìgbà náà ni Wúràọlá fúnra rẹ̀ gbọ́ títẹ̀ náà lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ: kọ́, kọ́, kọ́. Orí rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n ó rántí aboyún yẹn, ó sì na ọwọ́ láti pa ìkeje.

Títẹ̀ náà dáwọ́ dúró.

"Ẹ dákun, mà," ni ohùn obìnrin kan wí jẹ́ẹ́ lẹ́bàá etí rẹ̀, "ẹ má tíì pa á. Mi ò tíì rí orúkọ mi."