Fọ́múlà Tíṣà Olójẹ̀dé

Láràárọ̀, ẹ̀rọ kan máa ń tan búlọ́ọ̀gù kíláàsì wa, ojú ewé tí à ń kọ iṣẹ́ wa sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sára ògiri. Bí ìṣirò tó wà lórí rẹ̀ bá yé ọ, wàá rí i. Bí kò bá yé ọ, funfun báláú ni wàá rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí i á padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Tíṣà tí kò bá rí i, wọ́n á lé e kúrò níṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ojúsàájú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Tíṣà Olójẹ̀dé, ìyá àgbà tó ti kọ́ àwọn ìyá wa rí, nu awò ojú rẹ̀, ó tún wo ògiri.

"Ṣé fọ́múlà tí mo kọ lánàá ti jáde?"

Ó ti jáde. Ó hàn kedere lójú gbogbo wa.

Mosúnmọ́lá, tó mọ ìṣirò jù wá lọ, dìde. "Èmi ò rí nǹkan kan o, Mà."

"Èmi náà ò rí i, Mà," ni Àkànjí wí. Gbogbo wa sọ bẹ́ẹ̀.

"Olódo ni gbogbo yín!" Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ títí pátákó fi kún. Lójijì, ó nawọ́ sí ògiri.

"Àmì ìdọ́gba ti yọ! Ẹ̀yin náà ti ń rí i?"

"Díẹ̀díẹ̀, Mà," la dáhùn.