Ẹ Kú Iṣẹ́, Olúwa

Agégi ti ń fa okùn ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́, nígbà tí obìnrin tó ni ilé sáré jáde, tó sì kúnlẹ̀ sídìí igi tó fẹ́ gé.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.”

Igi náà ti yọ òdòdó pupa láti òkè délẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń pariwo nínú rẹ̀. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó títí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Agégi rò pé òun ló ń kí. Ó ti fẹ́ dáhùn kó tó gbọ́ ìyókù.

“Ẹ kú iṣẹ́, Olúwa. Iṣẹ́ yín rẹwà.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa agégi. “Ta ló kọ́ yín ní irú àdúrà yìí?”

“Ọmọ mi ni. Àràárọ̀ ló máa ń dúró síbí láti kí Ọlọ́run kó tó lọ síléèwé.”

“Ẹ wá fẹ́ gé e? Inú á bí i o, tó bá dé.”

Obìnrin náà dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù.

“Ẹ gé e, bàbá. Káfíńtà ń dúró de pákó rẹ̀. Pósí ló fẹ́ fi kàn.”

Agégi gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

“Báwo ni kí pákó náà ṣe gùn tó?”

Obìnrin náà tẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó dá a dúró ní déédéé ìbàdí ara rẹ̀, ó sì rọra ń fọwọ́ pa afẹ́fẹ́ ibẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.